Ihò kékeré ni mo sanwó fún, ikùn lílà ni mo jí bá: iṣẹ́ abẹ tí mo ṣe ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Rẹ́mọ

Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá rèé tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi láti yọ ilé-ọmọ mi, mo sì ti padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Mo fẹ́ kọ ohun tí ojú mi rí sílẹ̀ kí n tó gbàgbé ibi tó dùn mí àti ibi tó wú mi lórí. Mi ò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà, torí ọ̀rọ̀ owó kan ṣì wà láàárín èmi àti wọn tí kò tíì yanjú, mi ò sì fẹ́ kó dà bíi pé ìkọ̀wé ni mo fi ń halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ilé ìwòsàn aládàáni ni, ní agbègbè Rẹ́mọ. Ìyẹn náà tó.

Télọ̀ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò jìnnà sí ọjà Òkè-Ajé. Mo jẹ́ ẹni ọdún 44, ọmọ mẹ́ta ni mo bí, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sì fi gbẹ̀bí méjì nínú wọn. Ẹ fi iṣẹ́ abẹ méjì yẹn sọ́kàn, torí inú wọn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀ wá.

Ọdún méjì gbáko ni ẹ̀jẹ̀ fi dà mí láàmú. Nǹkan oṣù mi tó máa ń lo ọjọ́ mẹ́rin di ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó di mọ́kànlá. Nígbà tí Ojúde Ọba ń bọ̀, tí ẹgbẹ́ mẹ́ta kó aṣọ lé mi lọ́wọ́, mo tẹ́ ọ̀rá sórí àga mi, mo tún tẹ́ aṣọ lé e, síbẹ̀ mi ò lè jókòó rán aṣọ fún wákàtí kan kí n má dìde. Mo mu àgbo títí. Nígbà tí mo dákú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, ọkọ mi ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 23, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó lé ní 35. Wọ́n ya àwòrán inú mi, wọ́n rí fáíbúrọ́ìdì, ìyẹn kókó tó máa ń hù sí ilé-ọmọ, bíi mélòó kan, wọ́n ní ilé-ọmọ mi ti tóbi tó ti aláboyún oṣù mẹ́rin.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ yin dókítà náà fún nìyí: kò sáré gbé mi sórí tábìlì. Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi kéré, bí òun bá ṣe é báyìí, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tó bá dà nù lè pa mí lára. Ó fún mi ní oògùn tó ń dá nǹkan oṣù dúró àti oògùn ẹ̀jẹ̀, mo lò wọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ̀jẹ̀ mi gòkè dé 32. Ìgbà náà ló tó mú ọjọ́.

Ó bi mí bóyá mo ṣì fẹ́ bímọ. Mo ní rárá. Èmi àti ọkọ mi ti sọ ọ́ kí a tó kúrò nílé. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, yíyọ ilé-ọmọ ni yóò tán an pátápátá, torí bí wọ́n bá yọ fáíbúrọ́ìdì nìkan, òmíràn lè tún hù. Ó ní òun máa fi ilé-ẹyin mi méjèèjì sílẹ̀ kí ara mi má bàa gbóná gbóoru bíi ti ẹni tó ti dáwọ́ nǹkan oṣù dúró lójijì. Lẹ́yìn náà ló sọ pé òun lè gba ojú ihò kéékèèké ṣe é, pé òun ò ní la ikùn. Ihò mẹ́rin. Òru méjì ní ilé ìwòsàn. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, mo ti lè máa ṣe iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Gbólóhùn yẹn ni mo dì mú. Mo délé, mo gba aṣọ ẹbí ìgbéyàwó kan, ẹ̀yà mẹ́rìnlá, fún ọ̀sẹ̀ kẹrin. Mo gba àsansílẹ̀ lórí gbogbo rẹ̀.

Kí n sọ bí iṣẹ́ abẹ oníhò yìí ṣe rí, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ obìnrin tó máa ka èyí ò tíì gbọ́ ọ rí. Wọ́n á fún èèyàn ní oògùn oorun, á sùn pátápátá. Wọ́n á fi afẹ́fẹ́ wú ikùn bí bọ́ọ̀lù, carbon dioxide ni, irú èyí tí àwa náà ń mí síta, kí ara ikùn lè gbé sókè kúrò lórí ìfun, kí àyè wà láti ṣiṣẹ́. Wọ́n á ti kámẹ́rà tín-ín-rín kan wọ inú ihò kan, wọ́n á ti irinṣẹ́ gígùn tó dà bí abẹ́rẹ́ ìhunṣọ wọ inú àwọn ihò yòókù, ojú tẹlifíṣọ̀n ni dókítà á máa wò. Wọ́n tún máa ń tẹ ibùsùn náà kí orí lọ sílẹ̀, kí ẹsẹ̀ gòkè, kí ìfun lè yí lọ sọ́nà àyà. Ọmọ mi àgbà tó wà ní yunifásítì kà á fún mi pé ọdún 1988 ni dókítà Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Harry Reich kọ́kọ́ gba ọ̀nà yìí yọ ilé-ọmọ obìnrin, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Ọkàn mi balẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ọ, torí mo ti ń rò pé àwa ni wọ́n fẹ́ fi dán an wò.

Ní ọjọ́ náà, a kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, a gba ọ̀nà Sàgámù. Aago méje kọjá díẹ̀, wọ́n ti wọ aṣọ iṣẹ́ abẹ fún mi, wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ omi sí mi lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì kan gbé fọ́ọ̀mù olójú méjì àti báírò wá. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ bá wa buwọ́ lu ibí yìí.” Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Mo lè ka Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ ọkàn mi kò sí nínú ìwé lásìkò yẹn, adúrà ni mò ń gbà. Mo buwọ́ lù ú. Nígbà tí mo délé lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, tí mo fara balẹ̀ ka ẹ̀dà tí wọ́n fún ọkọ mi, mo rí i níbẹ̀ pé mo ti gbà kí wọ́n la ikùn mi bó bá di dandan. Wọ́n kọ ọ́ lóòótọ́. Wọn ò parọ́ fún mi. Àmọ́ kò sí ẹnì kan tó fi ẹnu sọ ọ́ fún mi ní èdè mi, lọ́jọ́ tí orí mi pé, tí mo ṣì lè béèrè pé, “Bó bá wá rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́?” Òun ni ẹ̀dùn mi lórí ilé ìwòsàn yìí, mo sì máa padà sórí rẹ̀.

Òtútù ni mo kọ́kọ́ mọ̀ nígbà tí mo jí. Lẹ́yìn náà ọ̀fun mi, tó ń ta mí nítorí páìpù tí wọ́n fi sí i. Mo gbé ọwọ́ lé ikùn mi láti wá àwọn ihò náà, ọwọ́ mi sì bá báńdéèjì kan tó gùn láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo ti fi ọwọ́ yìí wọn aṣọ. Kò sí ẹni tó ní láti sọ fún mi, mo mọ̀ pé ohun tó wà lábẹ́ ọwọ́ mi lé ní ínṣì márùn-ún, àti pé ihò kò lè gùn tó bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo rò pé ohun kan ti bàjẹ́. Mo rò pé wọ́n ti gé ìfun mi.

Ọkọ mi tó wà níta kò sàn jù mí lọ. Ó ní nígbà tí ó tó bíi wákàtí kan tí wọ́n ti gbé mi wọlé, nọ́ọ̀sì kan yọ orí sí i, ó ní, “Dádì, wọ́n ti ń la ikùn o,” ó sì padà sínú. Kò sọ ìdí. Kò sọ bóyá mo wà láàyè. Ọkùnrin náà dúró sójú kan náà fún wákàtí méjì, kò lè jókòó, kò lè pe ẹnikẹ́ni. Gbólóhùn kan péré ló fẹ́ gbọ́: “Ara wọn le, àpá àtijọ́ ló fà á, dókítà máa bá yín sọ̀rọ̀.” Kò ná wọn ní ìṣẹ́jú kan.

Ohun tó tún já wa láyà ni ìtọ̀ mi. Ní ìrọ̀lẹ́, àbúrò mi obìnrin tó wá jókòó tì mí wo ọ̀rá tí ìtọ̀ mi ń dà sí, èyí tó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó figbe ta. Omi inú rẹ̀ ní àwọ̀ búlúù, bí omi aró tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣan àdìrẹ. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ yẹn kò mọ ohun tó fà á, ó ní láti lọ pe dókítà. Àṣé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ da omi aláwọ̀ búlúù sínú àpò ìtọ̀ tó wà nínú ara mi lórí tábìlì ni, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ibì kan lára rẹ̀ ti lu. Bí ihò bá wà, búlúù á máa jò sínú ikùn, wọ́n á rí i, wọ́n á rán an lójú ẹsẹ̀. Kò jò. Ìròyìn ayọ̀ gbáà ni búlúù náà, àmọ́ wákàtí kan ni a fi wà nínú ìbẹ̀rù nítorí rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni dókítà fúnra rẹ̀ wá. Ó fa àga, ó jókòó, kò dúró lé mi lórí. Ó mú ìwé, ó ya ilé-ọmọ àti àpò ìtọ̀ fún mi. Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe rántí rẹ̀, torí òun ló tú mi nínú.

Ó ní, “Màámi, nígbà tí kámẹ́rà wọlé, ìfun yín la kọ́kọ́ rí, ó ti lẹ̀ mọ́ ara ikùn lábẹ́ ibi tí wọ́n ti gé yín tẹ́lẹ̀. A fi sùúrù tú ìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ìsàlẹ̀, àpò ìtọ̀ yín ti lẹ̀ mọ́ iwájú ilé-ọmọ pinpin. Mi ò rí ààlà láàárín wọn. Ibi tí mo bá ti gbìyànjú, ẹ̀jẹ̀ ló ń jáde, ẹ̀jẹ̀ sì ń bo ojú kámẹ́rà. Mo wo aago, ìṣẹ́jú 45 ti lọ, a ò sì tíì kúrò lójú kan. Mo sọ fún àwọn tó wà pẹ̀lú mi pé ká là á báyìí tí nǹkan kan ò tíì bàjẹ́.”

Mo bi í bóyá ẹlòmíràn tó mọṣẹ́ jù ú lọ ì bá ti parí rẹ̀ láti ojú ihò. Mo mọ̀ pé ìbéèrè náà le. Kò bínú. Ó ní ó ṣeé ṣe, pé àwọn kan wà tó ń ṣe èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ pé òun mọ ibi tí agbára òun dé lọ́jọ́ náà, àti pé òpó tín-ín-rín tó ń gbé ìtọ̀ bọ̀ láti kíndìnrín gba ẹ̀gbẹ́ ilé-ọmọ gan-an kọjá, bí ẹ̀jẹ̀ bá ti bo ojú, èèyàn lè gé e láìmọ̀.

Ìdáhùn yẹn ló mú kí n fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún nínú márùn-ún. Mo mọ ohun tó ń sọ láti inú iṣẹ́ tèmi. Bí oníbàárà bá gbé kóòtù wá tí télọ̀ méjì ti tún ṣe ṣáájú mi, mo máa ń kọ́kọ́ tú ìwọ̀n ìka mẹ́rin péré lára láínì, ìyẹn aṣọ tí a fi tẹ́ inú kóòtù, kí n ti ibẹ̀ ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Bí mo bá rí i pé wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ aṣọ mọ́ aṣọ nínú lọ́hùn-ún, mi ò ní máa fi ẹnu àlùmọ́gàjí wá ọ̀nà kiri nínú òkùnkùn. Mo máa tú láínì yẹn sílẹ̀ pátápátá. Oníbàárà lè bínú pé ọjọ́ gùn sí i, àmọ́ kóòtù rẹ̀ ò ní ya.

Ó tún fi nǹkan kan hàn mí tí mi ò kíyè sí. Ihò kan wà lábẹ́ egungun ìhà òsì mi lókè, ibi tí mi ò rò pé ilé-ọmọ kàn rárá. Ó ní ìdodo ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gbà wọlé, àmọ́ ẹni tí wọ́n bá ti la ikùn rẹ̀ rí, ìfun lè ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìdodo, abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ sì lè gún un. Nítorí náà ni òun ṣe gba abẹ́ ìhà wọlé. Orúkọ dókítà ará Paris kan, Raoul Palmer, ni wọ́n fi ń pe ojú ibẹ̀. Nígbà tó wá fẹ́ là á, ojú àpá àtijọ́ mi náà ló gbà, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá níbi tí pátá ń bò. Ìyẹn dùn mọ́ mi. Àpá kan náà ni mo ṣì ní, ó kàn jinlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ti yẹ rírán rẹ̀ wò nínú dígí: abẹ́ awọ ni wọ́n gba òwú sí, ẹnu rẹ̀ ṣe déédéé, kò wú, kò kákò. Ọwọ́ ẹni tó rán an mọ́.

Láti ẹnu dókítà yìí àti láti ẹnu àwọn nọ́ọ̀sì tí mo ń da ìbéèrè bò lójoojúmọ́, mo wá mọ̀ pé ọ̀nà pọ̀ tí oníhò fi lè di lílà. Ẹ̀jẹ̀ tó kọ̀ tí kò dá. Ìfun, àpò ìtọ̀ tàbí òpó ìtọ̀ tó fara gbọgbẹ́, tí kò sì ṣeé rán láti ojú ihò. Ilé-ọmọ tó tóbi débi pé kò sí àyè tí irinṣẹ́ lè gbà yí. Ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró tí kò gba afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi wú ikùn àti orí tí wọ́n tẹ̀ sísàlẹ̀; dókítà tó ń fún èèyàn ní oògùn oorun ló máa sọ níbẹ̀ pé kí wọ́n dáwọ́ dúró, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbọ́ tirẹ̀. Bí wọ́n bá rí ohun tó jọ jẹjẹrẹ, wọ́n lè là á kí wọ́n lè yọ ọ́ láìfọ́. Ẹ̀rọ náà tún lè kú. Mo béèrè ọ̀rọ̀ iná, torí Nàìjíríà la wà. Wọ́n ní bátìrì ló ń gbé yàrá iṣẹ́ abẹ, jẹnẹrétọ̀ méjì sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Lóòótọ́, iná lọ nígbà mẹ́ta lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe tèmi, ọkọ mi kà á níta, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ pé yàrá náà ṣókùnkùn.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan sọ nǹkan fún mi tí mo rò pé gbogbo ẹni tó fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí gbọ́dọ̀ mọ̀. Ó ní kí wọ́n tó fún mi ní oògùn oorun rárá, wọ́n ti bọ gbogbo irinṣẹ́ ìlàkùn, wọ́n ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú yàrá náà, ẹ̀jẹ̀ méjì tó bá tèmi mu sì ti wà nínú fíríìjì. Kò sẹ́ni tó sáré wá nǹkan kiri nígbà tí dókítà ní kí wọ́n là á. Ibi tí wọn ò bá ti lè la ikùn fúnra wọn, tó jẹ́ pé wọ́n á máa wá dókítà mìíràn tàbí ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti bẹ́yìn yọ, kò yẹ kí wọ́n máa dá ihò sí ikùn ẹnikẹ́ni.

Ìrora náà? Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ le. Èjìká ọ̀tún mi tún ń dùn mí bí ẹni pé mo sùn lé e, mo sì rò pé wọ́n já mi lulẹ̀ ni. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi wú mi nínú ló ń yún iṣan tó pààlà láàárín àyà àti ikùn, pé èjìká ló máa ń gbà á. Ó lọ lọ́jọ́ kẹta. Ọjọ́ kejì gan-an ni wọ́n ti gbé mi dìde kí n rìn, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì sí mi lẹ́sẹ̀, wọ́n sì ń gún mi ní abẹ́rẹ́ kan lójoojúmọ́ fún ìyẹn. Obìnrin tó wà ní ibùsùn kejì, oníhò tirẹ̀ yọrí bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀, àpò omi ni wọ́n yọ lára ilé-ẹyin rẹ̀. Ó sùn lóru kan péré. Mo wò ó bó ṣe ń rìn lọ sílé pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lọ́wọ́, omi sì bọ́ lójú mi.

Àwọn nọ́ọ̀sì dára, mo fún wọn ní mẹ́rin. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn mọ́. Oúnjẹ wọn kò ní adùn, àmọ́ ẹ lè gbé tiyín wá. Wọn ò jẹ́ kí n jẹ ohun gidi títí wọ́n fi bi mí pé, “Mọ́mì, ṣé atẹ́gùn ti jáde?” tí mo ní ó ti jáde. Ìkọ́kọrẹ́ tí àbúrò mi sè wá lọ́jọ́ kẹta, tí ewùrà rẹ̀ rọ̀ dáadáa, ni oúnjẹ àkọ́kọ́ tó dùn lẹ́nu mi.

Ọ̀rọ̀ owó ló kàn báyìí. ₦1,450,000 ni mo san fún iṣẹ́ abẹ oníhò, mo san án tán kí n tó wọlé. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹfà tí mo fẹ́ máa lọ sílé, kaṣíà gbé bíìlì ₦395,000 mìíràn lé ọkọ mi lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ méjì, ₦80,000. Oògùn àti ìtọ́jú ojú egbò, ₦175,000. Òru mẹ́rin tó lé sí méjì tí a ti san tẹ́lẹ̀, ₦140,000. Òru márùn-ún ni mo sùn níbẹ̀. Mo kà á lójú wọn: mẹ́ta ló lé, kì í ṣe mẹ́rin. Kaṣíà ní kọ̀ǹpútà ló ṣírò rẹ̀.

Mi ò sọ pé kí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ta mí lọ́rẹ. Ohun tí mo gbà, mo gbà á. Kámẹ́rà náà pẹ̀lú, wọ́n lò ó fún ìṣẹ́jú 45, ẹ̀tọ́ ni kí n sanwó rẹ̀ bí kò tilẹ̀ parí iṣẹ́. Ohun tó dùn mí ni pé ilé ìwòsàn tó mọ̀ pé ikùn mi ti jẹ lílà lẹ́ẹ̀mejì, tó gbé irinṣẹ́ ìlàkùn sílẹ̀, tó pèsè ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, tó gba abẹ́ ìhà wọlé nítorí pé ó ti fura, ilé ìwòsàn yẹn náà ni kò rántí sọ iye owó kejì fún mi pẹ̀lú ti àkọ́kọ́. Gbogbo ènìyàn inú ilé ló ti múra sílẹ̀ fún lílà, àfi èmi tí wọ́n fẹ́ là. Wọn ò jẹ́ kí n jáde títí owó fi pé. Wákàtí mẹ́ta ni mo fi jókòó lórí bẹ́ńṣì nítòsí ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú ojú egbò ọjọ́ mẹ́fà, tí ọkọ mi ń pe àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àlàyé ṣáájú iṣẹ́ abẹ, mo fún wọn ní méjì. Ibi tí wọ́n ti ń gbowó, ọ̀kan. ₦35,000 òru tí mi ò sùn náà, wọ́n ní àwọn máa yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí a ṣe ń bọ̀ wá sí Ìjẹ̀bú-Òde, mo di ìrọ̀rí mọ́ ikùn nínú mọ́tò, gbogbo ibi tó gbun lójú títì ni mo mọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n ní kí n má gbé nǹkan wúwo, kí n má sì fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ. Aṣọ ẹbí ẹ̀yà mẹ́rìnlá yẹn, mo ní láti kó o fún télọ̀ mìíràn, mo dá gbogbo àsansílẹ̀ padà. Ìyá ìyàwó kò bá mi sọ̀rọ̀ títí di òní. Bí ẹnì kan bá ti sọ fún mi pé, “Ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó lè jẹ́ mẹ́fà, kí ẹ ṣètò fún mẹ́fà,” mi ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ rárá.

Ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ mi ti dé 37 báyìí. Wọ́n gbé ilé-ọmọ tí wọ́n yọ lọ fún àyẹ̀wò, èsì rẹ̀ jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí jẹjẹrẹ nínú rẹ̀. Mo ń rán aṣọ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ láìdìde. Ọdún méjì rèé tí mo ti rí irú rẹ̀ gbẹ̀yìn.

Àbúrò mi tó gbé ìkọ́kọrẹ́ wá, òun náà ní àpò omi lára ilé-ẹyin, iṣẹ́ abẹ ọmọ kan sì wà nínú ìtàn tirẹ̀. Dókítà yìí kan náà ló fẹ́ lọ bá, mo sì ní kó lọ. Ṣùgbọ́n mo mú ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ, mo ya ojú ewé kan, mo kọ ìbéèrè sí i ní Yorùbá: Kí ló lè mú kí ẹ là mí? Nínú ọ̀ràn tèmi gan-an, ṣé ẹ rò pé ó lè ṣẹlẹ̀? Èló ni oníhò, èló ni lílà, òru mélòó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan? Ta ló máa jáde wá sọ fún àwọn ẹ̀yìn mi bó bá yí padà? Ṣé ẹ lè fún mi ní fọ́ọ̀mù yẹn lónìí kí n gbé e lọ sílé?

Ó lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ní dókítà gba ìwé náà lọ́wọ́ òun, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó béèrè ẹni tó kọ ọ́, ó sì dáhùn gbogbo rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ iye owó méjèèjì sísàlẹ̀, ó sì ní kí nọ́ọ̀sì fún un ní fọ́ọ̀mù. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ṣe é. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló ti gbà lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́.